Wọ́n Bá Mi Fọ Olú Mi Mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi kí n rojọ́ fún yín, nítorí ohun tójú mi rí ní láàbù wa lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń dùn mí dọ́kàn. Bí mo bá dá a gbé mì, yóò há mi lọ́fun!

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ mi: akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yunifásítì kan níbí ní Benin, olú ni mo sì ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀. Kì í ṣe olú tí ẹ ń sè lọ́bẹ̀ o! Àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì kéékèèké tó ń hù lára olú mìíràn, tí wọ́n ń jẹun lára rẹ̀, ni tèmi. Bẹ́ẹ̀ ni, olú náà ní àfòmọ́.

Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ló bá tan. Ti olú kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn máa ń ṣa ẹni tí wọ́n fẹ́ bá tan ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi fi máa ń sọ pé kí n kọ́kọ́ mọ onílé kí n tó béèrè orúkọ ayálégbé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, òun ló kó bá mi.

Lọ́jọ́ Sunday yẹn, lẹ́yìn ìsìn, mo rí kùkùté igi rọ́bà kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ugbor. Olú pẹlẹbẹ tó le bí awọ ti hù sí i lára. Mo yí ọ̀kan padà. Abẹ́ rẹ̀ kún fún nǹkan róbótó-róbótó, pupa bí epo, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó orí abẹ́rẹ́. Mo pariwo Halelúyà! Ẹni tó ń ṣọ́ géètì sáré wá.

“Sister, abeg, that one no fit enter soup o!”

Mo gé márùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, àwọn lébìrà tó fẹ́ da kankéré sí àyíká ṣọ́ọ̀ṣì hú kùkùté náà, wọ́n sì sun ún. Ó wá ku márùn-ún ọwọ́ mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti sọ pé bí n kò bá gbé nǹkan kan wá ní Wednesday, kí n lọ wá àkòrí mìíràn. Ọdún kan gbáko ni mo ti fi ń wá nǹkan yìí o!

Mo kó wọn sí láàbù ní ìrọ̀lẹ́ Monday, mo kọ bébà tì wọ́n.

Bàbá Kọ́lá, ará Ọ̀wọ̀, ló ń tọ́jú láàbù wa. Wọ́n ti ń sá olú àti ewé gbẹ kí ìyá mi tó bí mi, kò sì sí ohun tó ń wọ kọ́bọ́ọ̀dù wọn láìmọ́. Nígbà tí mo dé ní àárọ̀ Tuesday, mo kúnlẹ̀ kí wọn, ojú mi sì lọ sórí tábìlì. Olú mi ń dán! Abẹ́ rẹ̀ funfun báláú. Mo wá àwọn pupa kéékèèké mi títí, n kò rí ẹyọ kan.

“Ọmọ mi, káàárọ̀ o. Olú rẹ yẹn ti ń bu, mo bá ọ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. Wò ó bó ṣe mọ́!”

Ṣé ẹ gbọ́? Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín! Ta ní ń fọwọ́ kan ẹrù ẹlẹ́rù láìbéèrè? Ọ̀rọ̀ burúkú ti dé ẹnu mi, àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ jágbe mọ́ ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ? Orúnkún mi ṣì wà nílẹ̀! Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń bínú. Ẹkún ló jáde.

Mo ṣàlàyé pé ìdọ̀tí tí wọ́n fọ̀ dànù yẹn gan-an niṣẹ́ mi. Bàbá wá na bébà mi sí mi, wọ́n ní kí n ka ohun tí mo kọ.

Orúkọ olú nìkan! Mo kọ orúkọ onílé gàdàgbà, n kò dárúkọ ayálégbé rárá. N kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé n kò lè kọ ọ́ pé “ẹ má fọwọ́ kan nǹkan pupa yìí” ni? Inú tún bí mi, sí ara mi lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ka olú orí tábìlì. Mẹ́rin. Mo ní, Bàbá, márùn-ún ni mo kó síbí.

“Ìyẹn ti bàjẹ́ kọjá fífọ̀, pupa ti bò ó pátá. Mo ti jù ú sí dọ́sìbìn.”

N kò dúró gbọ́ ìyókù! Mo da dọ́sìbìn náà sílẹ̀ gbalaja. Bàbá Kọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì mí, a jọ ń tú bébà àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá ni wọ́n rí olú karùn-ún, pupa ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n fi ìka méjì péré gbé e lé mi lọ́wọ́, bí ẹni gbé ẹyin.

Lọ́jọ́ Wednesday, ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó pẹ́ nínú maikirosíkóòpù. Wọ́n ní àwọn mọ irú ayálégbé yìí, àmọ́ àwọn kò bá a nílé onílé yìí rí. Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí n máa kọ ohun tí mo fẹ́ pa mọ́ sí bébà, kì í ṣe orúkọ ohun tó gbé e dání nìkan. Mo ti dárí ji Bàbá Kọ́lá. Ṣùgbọ́n mo ti gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn pamọ́ o!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti bá yín tún nǹkan ṣe títí tó fi bàjẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí a jọ bínú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sunkún, ẹ kọ́kọ́ lọ wo inú dọ́sìbìn ná.