Tiwalọlá àti Ẹ̀wà Ìjọba

Bí a bá bi àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Òkè-Ayọ̀ ní Mushin léèrè pé ta ló mọ ìwà hù jù láàárín wọn, kò sí ẹni tí yóò ronú kó tó dárúkọ Tiwalọlá Ọláìtán. Mushin ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Gbogbo ọlidé ni àwọn òbí rẹ̀ máa ń fi í ránṣẹ́ sí ìyá bàbá rẹ̀ nílé. Ìyá náà kì í na ọmọ rárá. Bí ọmọdé bá dúró kí i, ọ̀kánkán ni yóò kàn máa wò, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló kọjá, títí orúnkún ọmọ náà yóò fi kan ilẹ̀. Tiwalọlá ti dàgbà, ó ti gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ orúnkún rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé ọlidé ti parí.

Ìwà yìí ló mú kí Alhaja Àmúdàtù, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà, fà á kalẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá olùkọ́ tí yóò máa lọ gba oúnjẹ àwọn ọmọ lọ́wọ́ ìjọba.

"Ẹni tó bá ń bẹ̀rù àgbà," ni Alhaja sọ nínú ìpàdé, "kò ní láyà láti jí ẹ̀wà."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé ló pàtẹ́wọ́ jù. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn olùkọ́, òun náà sì ni kì í jẹ́ kí a bu oúnjẹ fún ọmọ kankan kí òun tó gbé abọ́ dé láti wá tọ́ ọ wò. Abọ́ náà tóbi díẹ̀ ju ohun tí ènìyàn nílò fún ìtọ́wò lọ, ṣùgbọ́n àgbà ni, kò sì sí ẹni tó wọn abọ́ àgbà rí.

Lórí ìwé, gbígba oúnjẹ náà kò le. Ìjọba ra ẹ̀wà, ìrẹsì, epo àti ẹja gbígbẹ, wọ́n kó wọn jọ sí sítọ́ọ̀ kan ní Surulere. Bí ọjọ́ bá pé, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan á rán olùkọ́ kan lọ, olùkọ́ náà á tò sórí ìlà, wọn á wọn ìpín àwọn ọmọ rẹ̀ fún un, yóò wá ọkọ̀ tí yóò gbé e délé-ìwé, alásè ibẹ̀ yóò sì sè é. Lórí ìwé náà ni ìpín ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ti wà nílẹ̀ dè é. Nínú sítọ́ọ̀, ìpín ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ló wà nílẹ̀. Òfin kan sì tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà títí yóò fi kàn án: ilé-ìwé tí kò bá gba ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ìjọba á gbà pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ti yó, wọn á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọn á sì fi ilé-ìwé mìíràn rọ́pò.

Lọ́jọ́ tí Tiwalọlá kọ́kọ́ lọ, kùtùkùtù ló ti débẹ̀. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ kò pọ̀. Ó ti ń gbọ́ òórùn àpò nígbà tí ìyá arúgbó kan dé, olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ òbí ní ilé-ìwé kan lápá Ládìpọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Jemimah.

"Ọmọ mi," ni màmá náà wí, "ìwọ̀nba ẹsẹ̀ tó kù fún mi láyé nìyí."

Tiwalọlá kúnlẹ̀. "Ẹ máa bọ̀ níwájú mi, mà."

"Wàá dàgbà. Wàá tọ́jọ́. Ọmọ tìrẹ náà á kúnlẹ̀ fún ọ."

Àdúrà náà rinlẹ̀, ohùn màmá sì lọ sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ pé ènìyàn kan ń bẹ níwájú tó ń fún àgbà láàyè. Bàbá kan wá wò ó lójú. "Ṣé ìwọ ni ọmọ tó mọ àgbà yẹn?" Tiwalọlá kò lè sọ pé òun kọ́. Ó kúnlẹ̀. Obìnrin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju Tiwalọlá lọ wo ìyẹn, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ti ìbàdí. Tiwalọlá tún kúnlẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, ó ti gba àdúrà tó lè tó odindi àdúgbò pín, kò sì gba ẹ̀wà kankan.

Ẹni tó ń wọn oúnjẹ nínú sítọ́ọ̀ ni ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jude. Ó gbá ẹnu ilẹ̀kùn mọ́, ó wo Tiwalọlá.

"Àǹtí, ẹ̀wà ti tán o, ìrẹsì pàápàá ti tán. Ṣebí mo rí yín níwájú láàárọ̀? Ibo lẹ lọ?"

"Mi ò lọ ibì kankan."

Òótọ́ ló sọ. Ńṣe ló dúró sójú kan tó ń rìn sẹ́yìn. Wọ́n ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Àwọn tó pa òwe náà kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àgbà bá pọ̀ jù nídìí àwo.

Alhaja Àmúdàtù kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Àdúrà wo ni wọ́n gbà fún ọ?"

"Pé màá dàgbà, mà."

"Kí ni kí n wá bù fún àwọn ọmọ? Àmín?"

Láti ọjọ́ náà, ìrẹsì díẹ̀ tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń fà gùn. Kò pẹ́ tí òun náà tán. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀wà ló ń mú wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sílé, àwọn tó wá sì ń sùn lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. Níjọ́ kan Tiwalọlá ya búrẹ́dì sójú pátákó láti fi kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní ìdajì àti ìdámẹ́rin. Nígbà tó rí ojú tí wọ́n fi ń wo búrẹ́dì náà, ó nù ún kúrò, ó ya bíríkì.

Ìyá Mujeebah ló mú àbá wá. Òun ni alásè ilé-ìwé náà. Ọmọ rẹ̀, Mujeebah, ti kàwé gboyè, ó gba yàrá sí Yaba níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ń bẹ ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ kó fi ìkòkò sílẹ̀. Ìyá náà kò gbọ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó mọ̀.

"Tíṣà," ló wí, "àgbà ni wọ́n fi gba ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹ. Àgbà náà la máa fi gbà á padà. Èmi ni màá bá ẹ lọ. Ta ló máa sọ fún mi pé kí n fóun láàyè?"

Alhaja ní àbá náà dára. Ó fi kún un pé bí wọ́n bá tún padà lọ́wọ́ òfo, kò sí ìgbà kẹta.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Surulere. Ọ̀rọ̀ rí bí Ìyá Mujeebah ṣe sọ. Olùkọ́ tó bá wẹ̀yìn tó rí i á ní, "Ẹ máa kọjá, mà," òun náà á máa kọjá, á sì máa fa Tiwalọlá lọ́wọ́ bí ẹrù. Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn gan-an. Jude ń wọn ẹ̀wà, àpò tó kù lẹ́yìn rẹ̀ sì ti ṣeé wò tán lẹ́ẹ̀kan.

Àṣé wọn kò dá ronú. Ilé-ìwé kan nítòsí Ìdí-Àràbà náà ti pàdánù nígbà kan rí, ó sì ti wá àgbà tirẹ̀ wá: Bàbá Dàda, ọlọ́dẹ wọn tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tẹ ọ̀pá bọ̀. Ìyá Mujeebah rí ọ̀pá kó tó rí bàbá. Kí Tiwalọlá tó di ìró rẹ̀ mú, ìyá náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀ níwájú wa, bàbá."

"Ìyá Mujeebah!"

"Kí ni o fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí n gbá wọn lójú ni? Ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni wọ́n."

Bàbá Dàda gbàdúrà fún wọn, ó sì wọlé. Bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀wà tirẹ̀ jáde ni Màmá Jemimah dé, tó ń bọ̀ tààrà láti ẹ̀yìn láìwo ẹnikẹ́ni.

"Ìwọ ọmọdé yìí, yà fún mi," ló sọ fún Bàbá Dàda. "Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọsibítù Ìdí-Àràbà, èmi ni mò ń ta ẹ̀kọ fún àwọn bíríkìlà."

"Mo wà lára àwọn bíríkìlà náà," ni Bàbá Dàda dáhùn. "Ẹ̀kọ yín kan gan-an nígbà yẹn."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Jude nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé àpò.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀wà kì í béèrè ọjọ́ orí. Èyí tó kù nílẹ̀ yìí, ilé-ìwé kan péré ló máa tó."

Màmá Jemimah yíjú, ó rí Tiwalọlá, inú rẹ̀ dùn.

"Háà, ọmọ mi dáadáa! Ìwọ náà tún rèé! Olúwa ló rán ẹ sí mi."

Kí Tiwalọlá tó ro ohunkóhun, orúnkún rẹ̀ ti ro tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sáàárín ẹnu ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló wà tó fi ṣàkíyèsí pé ilẹ̀kùn náà kò fẹ̀. Àpò ìrẹsì wà lọ́tùn-ún, kẹ́ẹ̀gì epo wà lósì, òun ló sì kún ìyókù. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò ré ènìyàn kọjá lórí ìkúnlẹ̀, pàápàá ẹni tó ń kí i lọ́wọ́.

"Ẹ kú àárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Wàá dàgbà. Ó yá, dìde."

Tiwalọlá kò dìde.

"Mo ní dìde."

"Ẹ má bínú sí mi, mà. Bí mo bá dìde, ẹ ó wọlé."

"Kí ni mo wá ṣe ju kí n wọlé lọ?"

"Mo fún yín láàyè lọ́jọ́sí, mà. Àwọn ọmọ wa kò tíì jẹ ẹ̀wà láti ìgbà náà. Bí a kò bá gbà á lónìí, wọn á yọ orúkọ wa. Mo gbé àdúrà yín délé-ìwé, mà. Kò ṣeé sè."

Ìyá Mujeebah gbé ọwọ́ lérí. "Tíṣà! Àgbà lò ń bá sọ̀rọ̀!"

"Mo mọ̀, mà. Ìdí tí mo fi kúnlẹ̀ nìyẹn."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Màmá Jemimah wò ó láti orí dé orúnkún. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo àpò, ó tún wo orúnkún.

"Níbo ni wọ́n ti bí ẹ?"

"Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, mà."

"Mo rí i. Orúnkún yẹn, orúnkún ilé ni. Ẹnu yẹn ni mi ò mọ ibi tó ti wá."

"Mushin ni, mà."

Bàbá Dàda ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti fi ọ̀pá gbé ara dúró. Màmá Jemimah kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó sórí àpò ìrẹsì.

"Jude, wọn ẹ̀wà fún un, kí n lè ríbi kọjá. Àwa gba tiwa lọ́jọ́sí. Ìrẹsì ni n ó gbà lónìí, má sì fún mi ní èyí tí mo jókòó lé."

Tiwalọlá kò dìde títí wọ́n fi di ẹnu àpò náà. Nígbà tó dìde, iyanrìn lẹ̀ mọ́ orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ ba láti dúpẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, màmá náà kò gbàdúrà.

Kẹ̀kẹ́ wọn ti wọ Mushin kí Ìyá Mujeebah tó yíjú sí i.

"Ohun tó o ṣe lónìí ò dáa," ló wí.

"Mo mọ̀, mà."

"Di àpò yẹn mú dáadáa. Kó má já bọ́."

Lọ́jọ́ kejì, òórùn ẹ̀wà gba gbogbo ọgbà ilé-ìwé. Ìyá Mujeebah ti da epo sí i, ẹja gbígbẹ ti fọ́ sínú rẹ̀, àwọn ọmọ sì ti tò láti ẹnu ìkòkò dé ìdí géètì. Ìròyìn ti dé ilé àwọn tí kì í wá mọ́, wọ́n wá. Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé náà dé, abọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ọmọlúàbí tèmi! Mo gbọ́ pé o ṣe akin. Ó yá, jẹ́ kí n bá yín tọ́ ọ wò."

Tiwalọlá dúró láàárín òun àti ìkòkò. Orúnkún rẹ̀ rọra tẹ̀, ó sì tún nà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò bá a sọ̀rọ̀ lórí ìdúró.

"Ìyá Mujeebah ti tọ́ ọ wò, sà. Iyọ̀ rẹ̀ pé. Àwọn ọmọ ló kàn."

"Àwọn ọmọ?"

"Ìparí ìlà ń bẹ lọ́hùn-ún, sà, nídìí géètì."

Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé wo Alhaja Àmúdàtù, tó dúró lẹ́nu ọ́fíìsì rẹ̀, pé kó dá sí i. Alhaja ń wo ọ̀kánkán, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló kọjá.

Bàbá náà gbé abọ́ rẹ̀, ó rìn lọ sí ìparí ìlà. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin kékeré kan láti kíláàsì Tiwalọlá, tí olùkọ́ rẹ̀ ń kọ́ ní ìwà lójoojúmọ́. Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, ó rí bàbá náà, ó kúnlẹ̀ kíá.

"Ẹ máa bọ̀ níwájú mi, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé ti gbé ẹsẹ̀ kan.

"Dìde, kí o sì dúró sáàyè rẹ!" ni Tiwalọlá pariwo láti ìdí ìkòkò.

Ọmọ náà ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé náà padà sílẹ̀ níbi tó ti gbé e.