Àkọsílẹ̀ Mi Tí Kò Ní Àmì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Agége, ìwé kan wà tí ọkàn mi kì í balẹ̀ bí ọwọ́ mi ò bá kàn án. Kì í ṣe ìwé ńlá. Ìwé tí ọmọ ilé ìwé fi ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ni, mo sì ń pè é ní àkọsílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi lè máa rẹ́rìn-ín, pé kí ni ọmọ ọdún mọ́kànlá kọ tó fi ń gbọ̀n lórí rẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Mo gbà pé àyà mi tètè máa ń já, àmọ́ lọ́dún yẹn ó nídìí.

Tíṣà wa ló dá a sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n ní kí kálukú máa kọ orúkọ ìwé yòówù tó bá kà sílẹ̀, kó pín wọn sí ọ̀nà ọ̀nà, ìtàn lọ́tọ̀, ewì lọ́tọ̀, eré lọ́tọ̀, kó sì sọ ohun tó rò nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn ọdún ẹ̀kọ́ la máa kó o wá. Fún àwọn ọmọ yòókù, iṣẹ́ àmúrelé lásán ni. Fún èmi, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí bàbá mi ti sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé bí tíṣà bá yin àkọsílẹ̀ mi, àwọn á fi mí sí sẹ́kọ́ńdìrì. Bí wọn ò bá yìn ín, kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ọgbà. Aṣọ rírán ò burú o, àmọ́ ọwọ́ mi yìí àti abẹ́rẹ́, wọn ò rẹ́ títí dòní.

Ibo ni mo ti ń rí ìwé? Bùrọ̀dá kan tí yàrá wọn kọjú sí tiwa ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan ní Ìkẹjà. Èyí tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ bàjẹ́, wọ́n á kó o wálé, èmi ni mo sì ń jogún ẹ̀. Mo ka ìtàn tí ojú-ewé rẹ̀ dorí kodò. Mo ka ewì tí kò níbẹ̀rẹ̀. Mo ka ìwé kan látòkè délẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń sin adìẹ, mi ò mọ ọ̀nà tí mo lè pín in sí, ni mo bá dá ojú-ewé kan sọ́tọ̀ fún adìẹ. Ìwé eré kan tún wà nínú wọn, ó fẹ́lẹ́, kò léèpo. Bàbá mi gbà pé ìwé eré ló ń kọ́ ọmọ níranù, torí náà abẹ́ ẹní tí mò ń sùn lé ni mo ń tọ́jú ẹ̀ sí.

Àṣìṣe tèmi ni pé mi ò ráyè fàmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Tíṣà ń pariwo ẹ̀ sí wa létí lójoojúmọ́. Nílé kéwú pàápàá, àáfà kì í jẹ́ ká fo ẹyọ àmì kan. Àmọ́ mò ń sáré. Mo rò pé bí mo bá ń fa ìlà sókè tí mo tún ń fa ìlà sísàlẹ̀, ọdún á parí mọ́ mi lọ́wọ́. Àmì abẹ́ lẹ́tà nìkan ni mò ń fi sí i, mo sì gbà pé ìyẹn náà tó.

Lọ́jọ́ Àtìnní ọ̀sẹ̀ tá a fẹ́ kó o sílẹ̀, mo ti ilé ìwé dé, mi ò bá àkọsílẹ̀ mi lórí àpótí. Mo wá a títí, mo tú ẹrù, mo tún un tú. Màmá mi ní àwọn ò rí i. Bàbá mi nìkan ló kù, wọ́n sì ti ti ibi iṣẹ́ òwúrọ̀ dé, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ wọn. Bàbá mi kò lọ sílé ìwé ní kékeré. Ẹ̀kọ́ àgbà ni wọ́n lọ, wọ́n á fìka tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ètè wọn á sì máa mì. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti kà á. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè bèèrè.

Àtàlátà kọjá, ìwé náà ò yọjú. Àlàrùbá ni bàbá mi wá bi mí pé, "Nígbà tó o lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ níléyá, kí ni ìyá àgbà fún ẹ?"

Mo ní, "Gààrí ni, Bàbá."

"Gààrí nìkan?"

"Gààrí nìkan, sà."

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n wojú mi, wọ́n gbójú kúrò.

Kí ìbéèrè yẹn tó lè yé yín, ẹ gbọ́ èyí. Ìbejì ni wọ́n bí mi. Èkejì mi ò pẹ́ láyé. Àwọn ará ilé wa kì í sọ pé ìbejì kú, wọ́n á ní ó lọ sọ́jà. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, kí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú mi. Bàbá mi ní Mùsùlùmí làwọn, ère ò ní wọlé àwọn. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ dárúkọ ọmọ yẹn níwájú wọn.

Ó di Àlàmísì. Ọ̀la ni Jímọ̀, mi ò sì ní ìwé lọ́wọ́. Mo ti ń wo ara mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní ọ̀sán, Bàbá mi wọlé, àkọsílẹ̀ mi wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ṣí i, wọ́n fìka tẹ ibì kan, wọ́n ní kí n wò ó. Ohun tí mo kọ nìyí: "Ere kan wa labẹ ẹni mi. Mo fẹran rẹ pupọ. Mi o fẹ ki Baba mi ri i."

Wọ́n ní, "Ibo ni ère náà wà?"

Ère ni wọ́n pè é, ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, eré ni. Eré. Ìwé ni." Bóyá wọ́n gbọ́, bóyá wọn ò gbọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ká ẹní mi, wọ́n mú ìwé fẹ́ẹ́rẹ́ náà, wọ́n yí i síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n tún wo abẹ́ ẹní náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ìwé yìí náà ni?"

"Ìwé náà ni, sà."

Mò ń retí ìfọ́tí. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Mo rò pé ìyá mi ti lọ gbẹ́ ẹ ni. Látọjọ́ Àtìnní ni mo ti ń múra àtibínú. Nígbà tó máa fi di àná, mi ò lè bínú mọ́. Mo kàn fẹ́ rójú ẹ̀ ni."

Mo fẹ́ sunkún, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mo bá sunkún, àwọn náà á sun ún. Wọ́n gbé pẹ́ńsùlù fún mi. Èmi ń pe ọ̀rọ̀, àwọn ń sọ pé, "Ìyẹn lọ sókè. Ìyẹn wálẹ̀." Bẹ́ẹ̀ la ṣe fàmì sí ìwé ọdún kan gbáko títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́, a ò fo ti adìẹ pàápàá. Tíṣà yìn ín. Mo lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì ṣiṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Lọ́dọọdún ni mo ṣì ń kọ ohun tí mo kà sílẹ̀. Tọdún yìí ń já mi láyà, torí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ọdún sì ń lọ. Àwọn ọmọ ọmọ mi ní Abúlé Ẹ̀gbá, inú fóònù ni tiwọn wà, ó mọ́, ó dára, wọ́n sì tì í pa débi pé kò sí bàbá tó lè ṣèèṣì kà á. Ayé ti yí padà, mi ò bá a jà. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń bá wọn fà ni pé kí wọ́n fàmì sí Yorùbá tí wọ́n bá kọ. Wọ́n á ní, "Màmá, kò pọn dandan. Ẹni tó bá kà á á mọ ohun tá a ní lọ́kàn."

Mo máa ń sọ fún wọn pé odidi ọjọ́ mẹ́rin ló gba bàbá tèmi kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.