Ọbẹ̀ Ìyá Obìnrin Ará Táílándì

Ẹ fara dà á fún mi bí ọ̀rọ̀ mi bá ń wọ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, kò sì mọ́ mi lára láti máa kọ nǹkan sílẹ̀. Òórùn bébà gbígbóná àti ẹja yíyan ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, nítorí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí mo ti ń bá ọ̀gá mi ṣiṣẹ́ ní Peckham, nílùú òyìnbó, fara ti ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja. Ìwé ètò ìsìnkú ni iṣẹ́ wa jù.

Obìnrin ará Táílándì kan, tó tó ẹgbẹ́ mi, tó ń kun èékánná ní òdìkejì títì, wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú fúláàṣì, ohun kékeré tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì sí, lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n máa ń tẹ ìwé kékeré fún àwọn tó bá wá síbi ìsìnkú, wọ́n sì lè kọ bí olóògbé ṣe ń se oúnjẹ sínú rẹ̀. Lórí àìsàn ni ìyá náà ti ń sọ ọbẹ̀ rẹ̀ fún un lórí fóònù, tí òun náà ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní èdè wọn. Ọ̀túnla ni yóò wọ bàálù.

“Fọkàn balẹ̀,” ni ọ̀gá mi wí fún un. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Ẹni tí kò tíì kú nìkan la kì í tẹ̀wé fún.”

Nígbà tí ọ̀gá mi ṣí fáìlì inú fúláàṣì náà, àpótí kéékèèké ṣófoṣófo ló kún ojú kọ̀ǹpútà dípò lẹ́tà. Kò yà wọ́n lẹ́nu. Orúkọ Yorùbá pàápàá máa ń dé báyìí, tí àmì orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti dàrú, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe: wọ́n á gbé e sínú ètò àtijọ́ kan lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n tó wá fi ọwọ́ ara wọn tún àwọn àmì náà fi sí i. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Kọ̀ǹpútà bi wọ́n ní ìbéèrè kan, wọ́n tẹ bẹ́ẹ̀ ni láì kà á, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Gbogbo àpótí náà di àmì ìbéèrè, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orí fúláàṣì náà gan-an ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, ó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ẹ̀dà mìíràn kò sì sí.

Wọ́n pe àbúrò wọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ó ní lẹ́tà Táílándì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ètò àtijọ́ yẹn kò sì ní àyè fún wọn, ló fi gbé àmì ìbéèrè kan náà dí ojú gbogbo wọn.

“Ṣé o ò lè bá wa gbìyànjú ni?”

“Kí ni mo fẹ́ fi gbìyànjú, Bùrọ̀dá? Kò sí nǹkankan nínú ẹ̀ mọ́.”

Obìnrin náà fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà, ní àárín àwọn àmì náà. “Ibí ni ọbẹ̀ ẹja wà,” ló wí. Ọ̀gá mi ń bẹ̀ ẹ́. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fi ìkà ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí ẹni tí yóò bínú sí. Ti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ló ṣe é, kò sì sẹ́ni tá a lè bá jà. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé èyí ló burú jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé fóònù mi sáàárín wa, mo tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, mo ní, “Sọ èyí tí o bá rántí.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń se ọbẹ̀ náà, ní èdè wọn. N kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n mo jókòó tì í títí tó fi dákẹ́.