Ilé Ọlọ́lá Méjì ní Soundview

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ irọ́ tó dùn, kó wá bá Adétóyìn ọ̀rẹ́ mi ní Soundview, ní New York. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe. Ìyá ará Lithuania kan tó ń jẹ́ Danutė, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, ló ń tọ́jú.

Àràárọ̀ ni Màmá ń ròyìn ilé ńlá kan tó ní àwọn bàbá òun ló ni ín nílùú wọn: ẹni tó kọ́ ọ, ọmọ rẹ̀ tó fi tẹ́tẹ́ pàdánù ìdajì ilẹ̀, ọmọ-ọmọ tó rà á padà, títí àwọn ṣójà fi lé gbogbo wọn jáde, tí wọ́n wá ń kó ànàmọ́ síbẹ̀. Adétóyìn, tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fọ́nnu ju òun lọ, ní ilé bàbá tòun n'Íbàdàn náà ní ogójì yàrá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé Màmá mọ iye ẹyin tí pẹ́pẹ́yẹ ibẹ̀ ń yé, ó mọ ìkòkò tó ń jò, àmọ́ kò mẹ́nu ba pálọ̀ rí. Ta ni yóò nàka sí irọ́ ẹlòmíràn nígbà tí tirẹ̀ wà nílẹ̀?

Ó dọjọ́ kan, ọ̀mọ̀wé kan dé sọ́dọ̀ Màmá láti Lithuania. Ó ń kọ ìwé nípa ilé náà, ó sì ń wá ọmọ onílé tó kù láyé. Jìnnìjìnnì bo Màmá. Láti ọgọ́ta ọdún tó ti wà ní New York, ọmọ ọlọ́lá ni gbogbo ìjọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Bí àṣírí bá tú, ibo ni yóò fojú sí?

“Màmá, kí ni wọ́n yà sí àjà pálọ̀ ńlá?” ni ọkùnrin náà bi í.

Màmá di ọwọ́ Adétóyìn mú pinpin.

“Áńgẹ́lì ni, sà!” Adétóyìn já ọ̀rọ̀ gbà. “Mẹ́jọ, tìyẹ́tìyẹ́!”

“Ẹṣin ni,” ni ọ̀mọ̀wé wí.

Ẹ ò rí ẹlẹ́nu mímú tó ti ẹlòmíràn sí kòtò! Omi lé sójú Màmá. “Mi ò wọ pálọ̀ yẹn rí,” ló wí. “Ìyá mi ni kúùkù wọn. Ẹ̀yìn ààrò ni wọ́n bí mi sí.”

Ọkùnrin náà sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. “Ìtàn àwọn onílé ti sú wa, Màmá. Kò tíì sẹ́ni tó sọ ohun tí wọ́n ń jẹ fún wa, àti ẹni tó ń sè é.”

Màmá bá bẹ̀rẹ̀, láti orí ìkòkò tó ń jò. Ìrọ̀lẹ́ lọkùnrin náà tó kúrò.

Bó ṣe jáde tán, Màmá yíjú sí Adétóyìn. “Ilé bàbá tìẹ ńkọ́, oníyàrá ogójì?”

“Ó wà níbẹ̀ o, Màmá. Yàrá rẹ̀ pé ogójì.” Adétóyìn tẹjú mọ́lẹ̀. “Bàbá mi ló ń ṣí géètì.”