Òwú Èjìká Òsì

Àtàǹpàkò Kisuke, bàbá aláṣọ dúdú tó ń ran òṣèré lọ́wọ́ lórí ìtàgé, ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí èjìká òsì Rinnosuke, ó ń wá kókó òwú tó kẹ́yìn. Tó bá fà á, kìmónò pupa, aṣọ Japan tí òwú náà so mọ́ ọn lára, á bọ́, funfun á sì yọ lábẹ́ rẹ̀, lójú gbogbo èrò ilé ìṣeré. Kókó náà ti já kúrò, kò sí ohun tó lè dì mú fà.

Rinnosuke, òṣèré ọkùnrin tó ń jó bí omidan, sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ láì mi ètè. "Bàbá, ẹ fà á!"

"Ó ti já, ọ̀gá."

Kisuke ká ìbòjú dúdú rẹ̀ sókè, ó fi eyín gé òwú náà. Pupa bọ́ sílẹ̀. Èrò hó yèè.

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Rinnosuke ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ò jẹun láàárọ̀ ni? Ọrùn mi lẹ fẹ́ẹ́ jẹ!"

Kisuke bọ́ ìbòjú dúdú náà, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ọ̀gá, díẹ̀ ló kù kí n dójú tì yín; ẹ wá ẹlòmíì fún ti ọ̀la."

Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń lọ.