Omi Tí Àwọn Àlejò Gánà Kò Mu

Ogún ìṣẹ́jú ti kọjá, ìgò omi ṣì wà níwájú àwọn àlejò wa láti Gánà, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Gbogbo ohun tí mo bá sọ, “A ti gbọ́” ni obìnrin tó ṣaájú wọn fi ń dá mi lóhùn.

Iléeṣẹ́ ìjọba ní Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń wá ohun tí yóò mú kí àwa àti Gánà túbọ̀ rẹ́. Ìbò ni àwa méjèèjì fi ń yan ìjọba, ọ̀rẹ́ sì ni wá, àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò wa ní Gánà kì í pẹ́ dìjà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ìwé àdéhùn lórí rẹ̀. Èmi náà ni mo ní ká ṣèpàdé ní Ọ̀fà, ìlú mi, torí agboolé tí kò lẹ́ni tó gbé Gánà rí kò pọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá lọ láìfọwọ́ sí ìwé náà, èmi ni wọn yóò di ẹ̀bi rù.

Alhaja Sífáwù, ará Ọ̀fà tí mo pè sípàdé náà, tí wọ́n bí sí Kumasi ní Gánà, tó sì tajà níbẹ̀ títí ìjọba ibẹ̀ fi lé àwọn ará wa lọ́dún 1969, fà mí láṣọ.

“Bánkọ́lé, o fún wọn lómi?”

“Omi nìyẹn níwájú wọn, mà.”

“Ta ló gbé e lé wọn lọ́wọ́? Lọ́dọ̀ wọn, àlejò á kọ́kọ́ gba omi mu, onílé á wá bi í pé kí ló gbé e wá.”

“Alhaja, èmi ni mo kọ lẹ́tà tí mo fi pè wọ́n!”

“Mo gbọ́. Lọ bi wọ́n.”

Ìwé tí mo ti kà lórí iṣẹ́ yìí kún pẹpẹ, kò sí èyí tó sọ ti omi. Ó wù mí láti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Mo pa fáìlì dé, mo gbé omi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì béèrè ohun tó gbé wọn wá bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Obìnrin náà mu omi, ó rẹ́rìn-ín.

“Ìwé yẹn nìkan kọ́ ló gbé mi wá,” ó ní. “Tíṣà ni bàbá mi ní Nàìjíríà. Ọmọdé ni mí nígbà tí ìjọba yín lé wa lọ́dún 1983. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ tiẹ̀ ń rántí.”

Alhaja fi Twi, èdè àwọn ará Kumasi, dá a lóhùn, ó sọ ti ìsọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Kumasi tòun ti ọjà inú rẹ̀. Àwọn méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ojú tì mí, inú mi sì dùn.

Obìnrin náà fọwọ́ síwèé nírọ̀lẹ́, àmọ́ ó ní kí n kọ́kọ́ fi gbólóhùn kan kún un: ìjọba kankan nínú méjèèjì kò gbọdọ̀ lé àwọn oníṣòwò orílẹ̀-èdè kejì láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pè wọ́n jókòó, kó gbọ́ tẹnu wọn. Odindi oṣù mẹ́ta tí mo fi kọ ìwé náà, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò sọ sí mi lọ́kàn.

Alhaja ní kí n ka gbólóhùn náà fún òun ní Yorùbá. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà.