Abúlé Tí Mo Fi Ìṣirò Pa Rẹ́

Mo rántí bí afẹ́fẹ́ Odò Ọya ṣe máa ń gbé òórùn ẹja tútù wọ ọ́fíìsì wa ní Lọ́kọ́ja, tí ọ̀gá wa á sì yímú, á ní kí a tètè ti fèrèsé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè kejì nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé nígbà náà. Mo háyà yàrá kan ní Adankolo, mo sì gbé ìwé ẹ̀rí mi kọ́ sára ògiri bí ẹni gbé àwòrán ìyàwó kọ́. Iṣẹ́ wa ni láti gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ibi tó yẹ kí owó ìlera gbà lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti gbé aláìsàn rí.

Lọ́dún yẹn, ohun méjì ló wà nílẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni owó ká. Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ ojú omi tí yóò máa gbé àwọn agbẹ̀bí lọ sí abúlé àwọn apẹja kan ní ìsàlẹ̀ odò, níbi tí kò sí nọ́ọ̀sì, tí mọ́tò kò sì lè dé. Èkejì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú aboyún, fún ilé ìwòsàn kan lápá Felele tó ti ní irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wa, ọkùnrin tí kì í bọ́ kóòtù bó ti wù kí ooru Lọ́kọ́ja mú tó, ní kí n ṣírò rẹ̀: ibo ni owó náà yóò ti wo ènìyàn púpọ̀ jù sàn? Mo ṣe é. Àwọn ará abúlé kò pọ̀, epo ọkọ̀ sì wọ́n. Felele kún fọ́fọ́, ọ̀nà ibẹ̀ já geere. Mo fa ìlà pupa lé abúlé náà lórí, inú mi sì dùn bíi ti ọmọ tí tíṣà pàtẹ́wọ́ fún.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan, ọmọ Yàgbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ló wá bá mi nídìí tábìlì. Òun ló ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ sí abúlé náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

“Òkun o, ọmọ mi,” ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn. “Ìwọ lo kọ ìwé yìí?”

“Èmi ni, mà.”

“O ti dé abúlé náà rí?”

Mo rẹ́rìn-ín. “Kò pọn dandan, mà. Ìṣirò kì í ṣe ojúsàájú.”

“Àwọn tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Wọn kì í ṣe ènìyàn?”

“Ènìyàn ni wọ́n, mà. Wọn ò kàn pọ̀ tó ni.”

Ó wò mí bí a ṣe ń wo ọmọ tó ṣu sí pálọ̀ lójú àlejò. “Ẹni tó ti yó lo tún ń bu oúnjẹ fún,” ó ní, “torí pé àwo rẹ̀ wà nítòsí. Mò ń lọ sọ́hùn-ún lọ́la. Bá mi lọ.” Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Irọ́ ni. Ẹ̀rù omi ló ń bà mí. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi tí n kò rìn dé etí odò ló ń pín ìyè fún àwọn tó wà lórí omi.

Nígbà tí òjò wá di ọ̀wààrà, mo lọ ra ẹja létí odò ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ọkọ̀ kékeré kan gúnlẹ̀. Obìnrin kan dùbúlẹ̀ sórí ẹní nínú rẹ̀, oyún rẹ̀ ga, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé orí rẹ̀ lé itan. Nọ́ọ̀sì yẹn ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, torí wọ́n ti fóònù rẹ̀. Ó rí mi.

“Wá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú!”

Mo di í mú. A ń gun òkè, ẹrẹ̀ ń yọ̀ mí. Ìyá ọkọ ń sọ̀rọ̀ lédè Núpé láìdákẹ́. Mo béèrè ohun tó ń wí.

“Ó ní àtàná ni àwọn ti gbéra lábúlé yẹn, orí omi ni àwọn wà.” Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì ní, “Ó wúwo, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe máa ń wúwo.”

A ò tíì gbé e dé inú kẹ̀kẹ́ tó fi kú, tòun tọmọ inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tún ìṣirò náà ṣe. Mo jẹ́ kí ìwòsàn ẹni tí kò ní nǹkan kan rí wúwo ju ti ẹni tó ti ní lọ. Abúlé náà borí. Ọ̀gá ka ojú ìwé kan, ó jù ú sílẹ̀.

“Ṣé ìwé ìjọba nìyí, àbí ìwàásù?”

“Sà, ìṣirò àkọ́kọ́ náà ń gbè sẹ́yìn ẹni tó wà létí títì.”

“Ta ló kú fún ọ tí o fi wá ń da ọ́fíìsì mi rú?” Ó ti ìwé àkọ́kọ́, tí kò tíì lọ sọ́dọ̀ ìjọba, síwájú mi. “Fọwọ́ sí i. Àbí o ò fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ fìdí múlẹ̀?”

Mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ kejì lọ sí Felele. Ó pẹ́ nínú páálí rẹ̀, nítorí ti àkọ́kọ́ ti tó wọn lò. Ọkùnrin oníkóòtù gba ìgbéga. Nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì. Òun àti àwọn apẹja dáwó ra ẹ́ńjìnnì àlòkù kan, wọ́n sì ń gbé àwọn aboyún wá sílùú kí ọjọ́ wọn tó pé. Kò sẹ́ni tó bá wọn ṣírò ohunkóhun.

Mo ti kúrò níbẹ̀ báyìí, ọ̀gá mi sì ti di ẹni tí wọ́n ń pè sí àpéjọ láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù. Mo lọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń wá bí n óò ṣe kó gbogbo ẹ̀gàn inú mi lé e lórí kí n sì máa lọ sílé. Kò gbà á tán. Òun ló pàṣẹ, ṣùgbọ́n orúkọ tèmi ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà.